Omi Ẹja Tó Ń Kan: Ẹ Má Ṣe Lé Nọ́ńbà, Ẹ Fún Omi Lágbára

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Abígi, Ìbíadé, Ìwópin àti gbogbo agbègbè Ogun Waterside, ẹ̀kọ́ wa tòní wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé, ì báà jẹ́ nínú táǹkì sìmẹ́ǹtì, nínú tapólín, nínú ike ńlá, tàbí nínú adágún tí ẹ gbẹ́ sí etí àbàtà. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kíkan omi, ìyẹn ohun tí ẹ máa ń gbọ́ tí a ń pè ní pH.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ń sin àrọ̀ bíi 400 nínú táǹkì sìmẹ́ǹtì. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló fi ra ọmọ ẹja àti oúnjẹ wọn. Nígbà tó di oṣù kẹrin, àwọn ẹja náà kò jẹun dáadáa mọ́. Ìyá náà ra bébà tí a fi ń dán omi wò, ó rí i pé pH omi rẹ̀ jẹ́ 5. Ó rántí pé èmi fúnra mi ti sọ nínú ìpàdé pé 7 ló dára. Ó wá da láìmù púpọ̀ sínú táǹkì náà ní ìrọ̀lẹ́. Kó tó sùn, ó tún omi dán wò, ó ti kọjá 9. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹja tó léfòó kò níye.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi tó ń kan kọ́ ló pa àwọn ẹja yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìtọ́jú òjijì ló pa wọ́n. Ẹ̀bi mi sì wà níbẹ̀, nítorí mo sọ nọ́ńbà tó dára fún wọn, n kò sọ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dé ibẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ṣe máa lé nọ́ńbà kiri. Ẹ fún omi yín lágbára tí kò fi ní máa yí padà ní òjijì, nọ́ńbà yóò sì dúró fúnra rẹ̀.

1. KÍ NI pH?

Ẹ ti tọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ wò rí, ó ń kan. Ẹ sì mọ omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ìyẹn kì í kan, ńṣe ló máa ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì máa ń jẹ ara. Omi ẹja wà níbì kan láàárín àwọn méjèèjì yìí. pH ni nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó dúró sí fún wa. Ọ̀mọ̀wé Sørensen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló gbé ìwọ̀n yìí jáde ní 1909 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nípa ọtí bíà.

Ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 14. Àárín rẹ̀ ni 7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ 7, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń kan sí i. Bó bá ṣe ń gòkè ju 7 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń dà bí omi eérú. Àrọ̀ máa ń gbádùn omi tó wà láàárín 6.5 sí 8.5. Bó bá sọ̀kalẹ̀ tó 5, ẹja kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Bó bá dé 4 nísàlẹ̀ tàbí 11 lókè, ikú ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà kan péré kì í ṣe nǹkan kékeré. Omi tó wà ní 6 ń kan ní ìlọ́po 10 ju omi tó wà ní 7 lọ. Èyí tó wà ní 5 ń kan ní ìlọ́po 100. Ẹ wá ro ti ẹja tó wà ní 5 ní ìrọ̀lẹ́, tí a gbé dé 9 kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrìn-àjò ìlọ́po 10,000 nìyẹn!

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí bí kíkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ mú omi zobo díẹ̀, ìyẹn omi ìṣápá pupa tí a sè láìfi ṣúgà sí i. Ẹ pín in sínú ife méjì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, ẹ kán omi eérú sínú èkejì. Ti ọsàn yóò pọ́n fòò, ti eérú yóò yí padà sí àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Irú àwọ̀ tó ń yí padà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bébà ìdánwò pH. Àmọ́ zobo kò lè fi ìyàtọ̀ 6 àti 7 hàn yín dáadáa. Fún iṣẹ́ ẹja, bébà tàbí oògùn ìdánwò gan-an ni kí ẹ rà.

2. KÍ LÓ Ń MÚ OMI WA KAN?

Ohun márùn-ún ló wọ́pọ̀ lágbègbè wa.

(a) Ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ iyanrìn ló pọ̀ ní etí omi tiwa, òjò sì ti ṣan púpọ̀ nínú ẹfun rẹ̀ lọ. Nítorí náà, omi kàǹga wa sábà máa ń kan díẹ̀, ẹfun tó yòrò sínú rẹ̀ kì í sì í pọ̀.

(b) Àbàtà. Ẹ̀yin náà mọ omi dúdú tó dà bíi tíì, tó ń sun láti inú ewé jíjẹrà. Omi bẹ́ẹ̀ ń kan. Àwọn àbàtà kan tún wà nítòsí òkun àti ọ̀sà tí amọ̀ wọn máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Tí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú omi, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí a bá gbẹ́ ẹ jáde, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn án, á di kíkan líle bíi ti omi bátìrì mọ́tò. Bí òjò bá wá fọ̀ ọ́ wọnú adágún, ẹja ò ní lè fara dà á.

(d) Òjò. Omi òjò kò ní ẹfun nínú. Òjò àkọ́rọ̀ tún máa ń fọ ohun kíkan láti etí adágún wọ inú omi. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹja fi máa ń ṣàárẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́.

(e) Ẹja fúnra rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹja bá ń mí, afẹ́fẹ́ tó mí sóde máa ń mú omi kan. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di amóníà. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín kan wà nínú omi tó ń sọ amóníà náà di ohun mìíràn tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹfun inú omi ni wọ́n ń ná sí i. Bí a bá fún ẹja ní oúnjẹ kílò 1, tí gbogbo amóníà tó ti ibẹ̀ jáde sì yí padà báyìí, ó lè jẹ ẹfun tó tó bíi 200 giramu. Ẹ ò rí i pé bí ẹja bá ṣe ń dàgbà tó, tó sì ń jẹun tó, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ṣe máa kan sí i?

(ẹ) Álọ́ọ̀mù. Àwọn kan máa ń da álọ́ọ̀mù sínú omi ẹrẹ̀ kó lè tòrò. Òótọ́ ni pé á tòrò, ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù máa ń jẹ ẹfun inú omi, á sì mú omi náà kan.

3. OMI TÓ NÍ ÌPAMỌ́ ÀTI OMI TÍ KÒ NÍ

Ẹ wo ilé méjì. Baálé ilé kìíní ń dá àjọ, ó ní owó nípamọ́. Ti ilé kejì kò ní kọ́bọ̀ nípamọ́. Bí àìsàn bá dé bá ọmọ nínú ilé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ilé kìíní á yọ nínú owó ìpamọ́, nǹkan á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Ilé kejì á dojú rú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi rí. Ẹfun tó yòrò sínú omi ni owó ìpamọ́ rẹ̀. Bí ohun kíkan bá wọlé, ẹfun náà á pàdé rẹ̀, á pa agbára rẹ̀, pH kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mira. Omi tí kò ní ẹfun kò ní ohun tó máa fi dènà. Òjò kan ṣoṣo lè gbé e láti 7 sí 5.

Ẹ wá ṣàkíyèsí pé omi méjì lè jẹ́ 7 lórí bébà láàárọ̀ yìí, kí ọ̀kan lágbára, kí èkejì má ní agbára rárá. Nọ́ńbà 7 nìkan kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún yín. Báwo wá ni ẹ ṣe máa mọ èyí tó lágbára? Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́: kí oòrùn tó yọ, àti ní bíi agogo 3 ọ̀sán.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú omi tó láwọ̀ ewé, àwọn ewé omi wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án, wọ́n máa ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja mí sóde, wọ́n á fi ṣe oúnjẹ, pH á sì gòkè. Lóru, kò sí oòrùn, gbogbo wọn pẹ̀lú ẹja á máa mí, pH á sì sọ̀kalẹ̀. Bí ìyàtọ̀ àárọ̀ àti ọ̀sán kò bá tó nọ́ńbà 1, omi yín lágbára. Bó bá ju 1 lọ dáadáa, tó ń sún mọ́ 2, omi náà kò ní ìpamọ́ tó, tàbí kí ewé omi ti pọ̀ jù.

Ẹ má sì jẹ́ kí àrọ̀ tàn yín jẹ o. Yàtọ̀ sí iga rẹ̀, àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè iga tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde. Nítorí náà, ó lè wà láàyè nínú omi tí ẹja epìà á ti kú sí. Ṣùgbọ́n pé ó wà láàyè kò sọ pé ara rẹ̀ le. Kò ní sanra, oúnjẹ tí ẹ ń rà á sì máa ṣòfò. Tí àrọ̀ bá ń yọ ikun púpọ̀ lára, tó ń fi ara ha ògiri, tó ń dúró lóròó ní ojú omi, tàbí tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń jẹ, ẹ lọ dán omi wò.

4. KÍ LÓ DÉ TÍ LÁÌMÙ ÒJIJÌ FI PA ẸJA?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oúnjẹ ti pọ̀ nínú táǹkì rẹ̀, ìdọ̀tí ti kún ìsàlẹ̀, amóníà sì ti pọ̀ nínú omi. Amóníà yìí ní ìrísí méjì: ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, èkejì jẹ́ májèlé. pH ló ń pinnu bí èyí tó jẹ́ májèlé ṣe máa pọ̀ tó.

Nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi tiwa, bí pH bá jẹ́ 7, nínú ìpín 100 amóníà, májèlé kò tó ìpín 1. Bó bá jẹ́ 8, ó tó ìpín 6 tàbí 7. Bó bá jẹ́ 9, ó tó bí ìpín 40. Ní pH 5 tí omi ìyá náà wà, májèlé fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Kíkan náà ń yọ ẹja lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló de májèlé mọ́lẹ̀. Nígbà tí láìmù gbé pH kọjá 9, ńṣe ló tú májèlé náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ìlànà kan wà tí a kò gbọdọ̀ yí po: nínú omi tó dọ̀tí tó sì ń kan, ẹ kọ́kọ́ dín ìdọ̀tí kù, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé pH sókè díẹ̀díẹ̀. Kó má ṣe ju ìdajì nọ́ńbà lọ lóòjọ́.

5. ÌTỌ́JÚ KÍ WÀHÁLÀ TÓ DÉ

Táǹkì sìmẹ́ǹtì tuntun. Ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀: kì í kan, ńṣe ló ń dà bí omi eérú, nítorí ẹfun líle wà nínú sìmẹ́ǹtì. Ẹ pọn omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀ kó jẹrà níbẹ̀, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́, torí pé ohun jíjẹrà máa ń mú omi kan. Ẹ kó gbogbo ìtì náà kúrò, ẹ fọ táǹkì mọ́, ẹ pọn omi tuntun, kí ẹ dán an wò. Bó bá ṣì ju 8.5 lọ, ẹ tún un ṣe. Bó bá ti dára, ẹ fi ọmọ ẹja 5 péré sínú rẹ̀ fún ọjọ́ 2 kí ẹ tó kó ìyókù sí i.

Tapólín, ike àti gíláàsì. Àwọn wọ̀nyí kò fún omi ní ohunkóhun. Omi tí ẹ bá bù sínú wọn ni gbogbo ohun tí ẹja ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹja aláwọ̀ wúrà tí àwọn èèyàn ń sìn sínú gíláàsì ní pálọ̀ wọn. Omi ibẹ̀ kéré, nítorí náà kì í pẹ́ yí padà, ìlànà kan náà ló sì wà fún gbogbo wọn. Ẹ kó ìkarahun ìgbín, ìṣáwùrú tàbí òkòtó jọ. Ẹ fọ̀ wọ́n mọ́, ẹ sá wọn sóòrùn, ẹ gún wọn wẹ́wẹ́, kí ẹ kó wọn sínú àpò àwọ̀n, ẹ so ó rọ̀ sí ibi tí omi ti ń wọlé tàbí ibi tí omi ti ń rìn. Ẹ lè fi kílò 1 sí omi 1,000 lítà bẹ̀rẹ̀. Ẹwà ìkarahun ni pé bí omi bá ń kan ló ń yòrò. Bí omi bá ti dára, á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, kì í gbé pH kọjá ààlà. Kì í yára, àmọ́ kì í tanni jẹ.

Adágún ilẹ̀. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú, kì í ṣe omi nìkan. Nígbà tí adágún bá gbẹ, ẹ fọ́n láìmù àgbẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àti ara ògiri rẹ̀. Láìmù àgbẹ̀ ni òkúta ẹfun tí a lọ̀ kúnná, irú òkúta tó wà ní Ewékorò níbí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ti fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960. Fún ilẹ̀ tó ń kan níwọ̀nba, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 100 sí 200 giramu fún mítà kan níbùú lóròó. Bí adágún yín bá jẹ́ mítà 10 sí mítà 20, kílò 20 sí 40 nìyẹn. Ilẹ̀ tó ń kan gan-an lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ó dára kí a yẹ ilẹ̀ náà wò ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, ẹ lè fa omi sí i. Ẹ má ṣe da ajílẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú láìmù. Ẹ gbin koríko sí etí adágún, kí ẹ sì la gọ́tà kékeré yí i ká kí omi òjò má baà fọ ẹrẹ̀ wọlé.

Omi kàǹga àti omi ẹ̀rọ. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀ máa ń ní afẹ́fẹ́ kíkan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nínú. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú ohun tó ní ẹnu gbòòrò, tàbí kí ẹ máa dà á láti òkè gba inú asẹ́. Afẹ́fẹ́ náà á jáde, pH á sì gòkè fúnra rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Ọmọ ẹja tuntun. Ẹ gbé ọ̀rá tàbí ike tí wọ́n fi kó wọn wá lé orí omi yín fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ẹ máa bu omi yín sí tiwọn díẹ̀díẹ̀, kí ara wọn lè mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀.

6. BÍ OMI BÁ TI KAN, TÍ ẸJA SÌ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò yìí:

Ìkíní: ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ebi ọjọ́ méjì kò ní pa àrọ̀.

Ìkejì: ẹ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi, tàbí ó pọ̀ jù ìdá mẹ́ta. Omi tó ti sùn mọ́jú ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

Ìkẹta: ẹ so àpò ìkarahun rọ̀.

Ìkẹrin: lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ omi, tó bá gba ìrànlọ́wọ́ kíákíá, ẹ lo sódà funfun tí wọ́n ń pè ní báíkábónéètì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Ìwọ̀n 50 giramu tó fún omi 1,000 lítà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yòó nínú korobá omi, ẹ dà á yí táǹkì ká láàárọ̀. Ẹ dán omi wò ní ìrọ̀lẹ́ àti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ tún máa fi kún un.

Ìkarùn-ún: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ọjọ́, pH àárọ̀, pH ọ̀sán, iye oúnjẹ, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ọmọ iléèwé kan nínú ilé lè bá yín kọ ọ́.

7. OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

(a) Ẹ má da eérú, káún, omi ọṣẹ tàbí sìmẹ́ǹtì sínú omi tí ẹja wà. Wọ́n ti le jù.

(b) Láìmù tí wọ́n ti sun nínú iná, tó ń gbóná bí omi bá kàn án, kò yẹ omi tí ẹja wà nínú rẹ̀. Adágún òfìfo nìkan ló wà fún, ó sì lè jó ọwọ́ àti ojú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta ẹfun gidi ni wọ́n tà fún yín, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí díẹ̀ nínú rẹ̀. Òkúta ẹfun á hó.

(d) Ẹ má fi ọsàn, kíkan ọtí tàbí omi bátìrì fa pH sílẹ̀. Bí pH bá ga jù lọ́sàn-án nítorí ewé omi, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ pààrọ̀ omi díẹ̀. Ẹ ti apá bọ omi. Bí ẹ kò bá rí àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́ kí omi tó dé ìgúnpá, ewé omi ti pọ̀ jù.

8. ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N MÁA Ń BI WÁ

Ìbéèrè: Ṣé láìmù yìí ni ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ń fún sínú ọbẹ̀?
Ìdáhùn: Rárá o! Orúkọ ló jọra. Ọsàn ń mú omi kan, láìmù àgbẹ̀ ń pa kíkan.

Ìbéèrè: pH mi jẹ́ 6.3 láàárọ̀, 6.8 lọ́sàn-án, ẹja ń jẹun. Kí ni kí n ṣe?
Ìdáhùn: Ẹ má ṣe dà á láàmú. Ẹ so ìkarahun rọ̀, kí ẹ máa wò ó. Omi tó dúró sí 6.3 sàn ju èyí tó ń fò láti 6 sí 9 lọ.

Ìbéèrè: Èló ni kí n ná lórí ìdánwò?
Ìdáhùn: Páálí bébà ìdánwò kan lè bá ẹgbẹ́ yín lò pọ̀. Ẹ dá owó jọ kí ẹ rà á ní àpapọ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, torí pé ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́.

ÌPARÍ

Ìyá tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àpò ìkarahun ìgbín méjì ló so rọ̀ sínú táǹkì báyìí, ó sì ní ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń bá a kọ nǹkan sí. Nígbà tí mo yà síbẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, n kò yára mọ́ o.” Èmi náà kò yára mọ́ láti sọ nọ́ńbà fún àgbẹ̀ láìsọ ọ̀nà.

Ẹ má gbàgbé: ẹ fún omi ní ìpamọ́ kí wàhálà tó dé, ẹ dán an wò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ẹ kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí kúrò kí ẹ tó gbé pH sókè, ohunkóhun tí ẹ bá sì ṣe, díẹ̀díẹ̀ ni. Bí nǹkan kan bá rú yín lójú, ẹ bu omi sínú ike mímọ́, ẹ gbé e wá bá òṣìṣẹ́ OGADEP tó wà lágbègbè yín, tàbí kí ẹ pè wá wá wo táǹkì náà kí ẹ tó da ohunkóhun sí i.